Ṣé mo lè tún kátírììjì bàámi dì, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń di ọta l'Amẹ́ríkà?

ỌmọỌdẹ_Ìsánlú

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ilé o. Àrìnpa fún gbogbo ọdẹ tó wà níbí. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo ní kí n gbé e wá síwájú yín kí n tó lọ ṣe nǹkan tí mi ò ní lè dá padà.

Bàámi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ọdẹ ni wọ́n ní Ìsánlú-Ìsin, wọ́n sì tún ṣe tíṣà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ṣaláìsí. Ìbọn méjì ni wọ́n fi sílẹ̀, ṣakabùlà tí wọ́n jogún lọ́wọ́ bàbá tiwọn, àti olójú méjì tí wọ́n fi owó ara wọn rà. Èmi ò gbé ilé, Tankẹ ni mo wà n'Ílọrin, iṣẹ́ fìríìjì àti AC ni mò ń ṣe. Ìgbà tí mo lọ palẹ̀ yàrá wọn mọ́ ni mo bá àpò sìmẹ́ǹtì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo rò pé bàtà ló wà níbẹ̀, àṣé òfìfo kátírììjì ni, pupa, búlúù, aláwọ̀ ewé, mo kà á dé 140 ó sú mi. Bàámi kì í ju òfìfo sígbó láéláé, bó ti wù kó rẹ̀ wọ́n tó wọ́n á bẹ̀rẹ̀ wọ́n á ṣà á sápò.

Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Texas, òun náà ń dẹ igbó níbẹ̀, àgbọ̀nrín wọn tí wọ́n ń pè ní whitetail ló ń pa. Òun ló fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó jókòó nídìí tábìlì nínú gáréèjì ẹ̀, ó ń fọwọ́ ara ẹ̀ di ọta. Ó mú òfìfo tó ti yìn tẹ́lẹ̀, ó fi ẹ̀rọ kan tẹ̀ ẹ́, ó fi práímà tuntun, ìdérí kékeré tó ń ta iná sí ẹ̀tù, sí i nídìí, ó wọn ẹ̀tù sí i, ó fi orí ọta dé e, ó parí. Ó ní èyí tóun bá dì fúnra òun ló ń lọ síbi tóun rán an ju èyí tóun rà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo wá wo àpò sìmẹ́ǹtì yìí, mo wo iye tí wọ́n ń ta páálí kátírììjì kan báyìí, mo ní àbí owó ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yìí tí a ò mọ̀. Ọwọ́ mi mọ iṣẹ́, mo ní òṣùwọ̀n kékeré tí mo fi ń wọn gáàsì fìríìjì. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi, ó kàn ní "má fọwọ́ kàn án o", ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́, kò ṣàlàyé.

Kí ló dé tí òun lè ṣe é tí èmi ò lè ṣe é? Ẹ̀tù ṣakabùlà ṣì wà nínú ìwo kan tó kọ́ sára ògiri, ṣé a lè lò ó nínú kátírììjì? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi, mo fẹ́ mọ̀ ni.

Ọmọ_ÒkèÒde

Bọ̀dá mi, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Ó wà lọ́dọ̀ wa níbí tó ń ṣe é, alágbẹ̀dẹ ni, wọ́n á kó òfìfo fún un láàárọ̀, tó bá dalẹ́ wọ́n á lọ gbà á, wọ́n ń yìn ín, ẹran ń kú. Kò lo ìwé kò lo òṣùwọ̀n, ojú ló fi ń wọn ọ́n. Tí nǹkan bá ti wọ́n báyìí kí ni kí ọdẹ ṣe? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín.

ỌmọPákátà_PA

Salamu alaykum. Ọmọ Ìsánlú, ìbéèrè tó dáa lo bi, ẹnikẹ́ni ò ní bú ẹ. Ọmọ_ÒkèÒde, àbúrò mi, mi ò ní dẹ ohùn sọ èyí fún ẹ, ohun tí o kọ yẹn lè gba ojú àti ọwọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Ẹni tó fi ojú wọn ẹ̀tù tí kò tíì ṣe é léṣe, orí ló ń kó o yọ, iṣẹ́ kọ́.

Èmi ọmọ Pákátà ni, Pennsylvania ni mo wà, ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń di ọta fúnra mi. Ìbọn mi, .30-06 ni, ọdún 1906 ni wọ́n gbé ọta yẹn jáde, ìyẹn ni 06 tó wà ní ìparí orúkọ ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń lọ, torí fídíò kékeré ò lè gbé e tán.

Nínú ọta kan, kéésì idẹ yẹn, ìyẹn òfìfo ẹ̀, nìkan la lè tún lò. Tó bá ti yìn, agbára ẹ̀tù á ti fẹ̀ ẹ́, á sì fà á gùn díẹ̀. Mo kọ́kọ́ máa ń fọ̀ ọ́, ẹ̀rọ kan wà tó ń gbọ̀n rìrì, ṣùkù àgbàdo tí wọ́n lọ̀ la máa ń dà sínú ẹ̀, wallahi, ṣùkù àgbàdo tí ìyáà mi fi ń dáná ní Pákátà yẹn gan-an, á máa fi ha idẹ lára fún wákàtí méjì mẹ́ta títí á fi máa kọ mọ̀nà. Tó bá jáde, mo máa mú un sábẹ́ iná lọ́kọ̀ọ̀kan, mo máa yí i wò. Èyí tí ẹnu ẹ̀ bá ti sán, tàbí tí mo bá rí ìlà kan tó ń dán yí i ká lápá ìdí, ìyẹn fẹ́ já sí méjì nìyẹn, mo máa fi púláyà tẹ ẹnu ẹ̀ pa kí n má baà ṣèèṣì tún mú un. Àwọn tó kù, mo máa fi òróró tí wọ́n ṣe fún un pa wọ́n lára, mo máa tì wọ́n sínú dáì, irin oníhò tó ń tẹ̀ wọ́n, kí wọ́n padà sí ìwọ̀n wọn, inú dáì yẹn náà ni práímà àtijọ́ ti ń bọ́ jáde. Mo wọn gígùn wọn, 2.494 ínǹṣì ni .30-06 ò gbọdọ̀ kọjá, èyí tó bá ti kọjá mo gé e. Gbogbo èyí, ẹ̀tù kankan ò tíì dé orí tábìlì o.

Ẹ̀tù wá ni iṣẹ́ gan-an. Grain la fi ń wọn ọ́n, 7000 grain ló wà nínú pọ́n-ùn kan, grain 15 àti díẹ̀ ló tó gíráàmù kan. Òṣùwọ̀n gáàsì rẹ yẹn, ìgbà tó bá fi máa mọ̀ pé nǹkan wà lórí òun, o ti kọjá ibi tí ìbọn ti ń dárí ji èèyàn. Àwọn tó ń ṣe orí ọta máa ń tẹ ìwé, Hornady ní tiẹ̀, Sierra ní tiẹ̀, wọ́n ti yìn ín nínú ẹ̀rọ tó ń wọn agbára kí wọ́n tó kọ ọ́ síbẹ̀, wọ́n á kọ ibi tí èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá, irú ẹ̀tù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, orí ọta kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ìsàlẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀, bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sí ìsàlẹ̀ òpin, à ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, à ń wo ìdí òfìfo lẹ́yìn tó bá yìn. Tí práímà bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tàbí tí ìbọn bá ń le láti ṣí, ó ti tó, o ò gbọdọ̀ yin òmíì mọ́.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, ìwàǹwára ń yọ mí lẹ́nu, mo fò kọjá àárín mo lọ sẹ́bàá òpin tààrà, mo di 20, mo kó wọn lọ síbi tí a ti ń fi ìbọn dánra wò. Oṣù July ni, oòrùn mú, mo gbé páálí ọta sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò mi ò rò ó. Àkọ́kọ́ lọ, èkejì lọ. Ẹ̀kẹta dún tán, mo fẹ́ ṣí ìbọn, kò ṣí. Àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi gbá a kó tó gbà. Òfìfo tó jáde, práímà ẹ̀ ti tẹ́ mọ́ ìdí ẹ̀ débi tí mi ò fi rí etí ẹ̀ mọ́. Àwọn ẹ̀tù kan wà tí ooru máa ń mú kí agbára wọn pọ̀ sí i, èmi sì ti yan tèmi lórí irin mọ́tò. Mo kó 17 tó kù padà sílé, mo jókòó mo ń yọ orí ọta lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń da ẹ̀tù padà, ilẹ̀ ṣú mọ́ mi níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn mo ní ìwé kan tí mò ń kọ gbogbo ẹ̀ sí, ọjọ́ tí mo dì í, ẹ̀tù wo, ó wọn mélòó, kéésì yẹn ti yìn tó ẹ̀ẹ̀mélòó.

Nǹkan kan tún wà tí ẹ̀gbọ́n rẹ lè má fi sínú fídíò. Tí mo bá da ẹ̀tù sí gbogbo 50 tán, wọ́n á tò sínú tírè, ẹnu wọn á ṣí sókè. Kí n tó fi orí ọta kan ṣoṣo dé e, mo máa pa fóònù, mo máa mú tọ́ọ̀ṣì, mo máa wo inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gíga ẹ̀tù inú wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Èyí tó bá ga ju ìyókù, ọkàn mi ti fò, mo ti dà á sí i lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó bá ṣófo náà burú, torí práímà nìkan lè ti orí ọta dé àárín ọ̀pá ìbọn kó há síbẹ̀, o ò ní mọ̀, o máa ki òmíì, òmíì yẹn á lọ pàdé ẹ̀ lójú ọ̀nà.

Èèyàn lè bi mí pé kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún, ṣebí wọ́n ń tà á. Owó kọ́ ni ní tèmi. Mo fẹ́ kí àgbọ̀nrín tí mo bá yìn ṣubú síbi tí ẹsẹ̀ mi lè tètè dé. Mo máa ń ṣe Bismillah kí n tó fà á, ọ̀bẹ wà ní ìbàdí mi, tí mo bá bá a láàyè mo dúńbú ẹ̀ kíá. Ẹran tó gbọgbẹ́ tó sá wọ inú yìnyín lọ kú lóru, kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní, ìrora ẹ̀ sì wà lọ́rùn ẹni tó yìn ín. Ọta tó bá dọ́gba, ìgbà márùn-ún tí mo bá yìn ín láti 100 yáàdì, ihò márààrún á wà níbi tí ìdérí ìgò lè bò. Nígbà náà ni mo tó mọ̀ pé tí mo bá fojú sùn ún lẹ́yìn apá, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bá.

Àgbọ̀nrín tiwọn, orúkọ lásán la yá a o, kì í ṣe ti ilé. Tiwọn máa ń ju ìwo sílẹ̀ lọ́dọọdún ó tún ń hù, àgbọ̀nrín tiwa, ìwo tó bá hù lórí ẹ̀ náà ló máa bá kú.

Ìdáhùn sí ti ìwo ara ògiri: rárá. Ẹ̀tù dúdú ni ìyẹn, èyí tí èmi ń lò jẹ́ aláìléèéfín, ẹ̀tù la ń pe méjèèjì ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Aláìléèéfín yìí, tí wọ́n bá há a mọ́ ibì kan, bí agbára ṣe ń gun òkè bẹ́ẹ̀ ló túbọ̀ ń yára jó. Ẹni tó bá rí irú ẹ̀ tó dà á sí ṣakabùlà, ọ̀pá ìbọn á là mọ́ ọn lójú. Kátírììjì olójú méjì sì tún yàtọ̀ sí ọta rífùù, ike ni ara ẹ̀, àwọn tó ń tún un dì níbí, irú òfìfo kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tiẹ̀ nínú ìwé, pupa ò lè gba ti búlúù. Tìẹ ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọdún mélòó, ike ti gan, ìdí ti dípẹtà, o ò mọ èyí tí wọ́n yìn lóṣù kan àti èyí tí wọ́n yìn nígbà tí o wà ní pámárì. Ẹ̀gbọ́n rẹ sọ òótọ́ fún ẹ.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀fà

Ẹ kú àlàyé, bọ̀dá Pákátà. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa dídi ọta, ẹ̀yìn ẹ̀ lèmi máa ń rí. Ọwọ́ òsì ni wọ́n máa ń gbé wá, torí ọwọ́ òsì ló ń gbá ọ̀pá ìbọn mú. Àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀tù á ti rì sínú awọ ojú, dúdú dúdú, kì í jáde bọ̀rọ̀. Ohun tó máa ń bà mí nínú jẹ́ jù ni pé wọ́n á ti kọ́kọ́ da epo pupa sí i nílé, tàbí wọ́n á ti fi ewé àti eérú kì í, wọ́n á gbé e dé lọ́jọ́ kejì. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, aṣọ tó mọ́ ni kí ẹ fi dì í le, ẹ gbé ọwọ́ yẹn sókè, ẹ máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ẹ má da ohunkóhun sí i.

Agbẹjọ́rò_Ìlọrin

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ mú ibi òfin, torí ẹ ò tíì kàn án. Òfin Ìbọn orílẹ̀-èdè yìí, ti 1959, ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Abala 22 ẹ̀ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣe ìbọn tàbí ọta, kò gbọdọ̀ to ó pọ̀, kò gbọdọ̀ tún un ṣe, àfi ní ilé ìkóhun-ìjà-sí ti ìjọba tàbí ti àwọn ológun. Kátírììjì tí èèyàn tún dì nínú yàrá wà nínú "ọta" yẹn. Òfin náà fi àyè sílẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ tó bá gba ìwé àṣẹ láti máa ṣe ṣakabùlà, ṣakabùlà nìkan, kì í ṣe kátírììjì. Torí náà ẹni tí Ọmọ_ÒkèÒde ń sọ yẹn, àti ẹni tó ń gbé òfìfo lọ fún un, inú ewu kan náà ni wọ́n wà. L'Amẹ́ríkà òfin fàyè gbà á kí èèyàn di ọta tó máa lò fúnra ẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀nà wọn àti tiwa ti yà. Àní rífùù oníwọ̀n ti ológun, bíi 7.62 mílímítà, wà lára èyí tí òfin tiwa kà léèwọ̀ pátápátá.

Ṣùgbọ́n Ọmọ Ìsánlú, ìyẹn kọ́ ló mú mi dá sí i. O ní bàbá rẹ ṣaláìsí lọ́dún tó kọjá, o sì ní ìbọn méjì ni wọ́n fi sílẹ̀. Orúkọ ta ló wà lórí ìwé àṣẹ olójú méjì yẹn? Ìwé àṣẹ ìbọn kì í ṣe ilẹ̀ tàbí ilé tí a lè pín lẹ́yìn òkú. Ẹni tí wọ́n fún ló ni ín, tó bá ti kú, ìwé yẹn ti kú tẹ̀lé e. Ẹnikẹ́ni tí ìbọn náà bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí, kò ní ìwé. Lọ sọ fún ọlọ́pàá kí wọ́n tó wá bi ọ́, mú ìwé àṣẹ bàbá rẹ dání, mú ìwé ikú wọn dání. Tí o bá fẹ́ jẹ́ ọdẹ lẹ́yìn náà, béèrè tìrẹ lórúkọ ara rẹ. Àkókò tí a wà yìí, pẹ̀lú ohun tí ojú wa ń rí nínú igbó ìhà gúúsù Kwara, ìbọn tí kò níwèé kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń fi sábẹ́ òrùlé.

Bàbá_Ọlọ́dẹ_ỌmùÀrán

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àtàárọ̀. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, èmi ń sọ, òun ń kọ, ẹ foríjì wá tó bá gùn.

Ọmọ Ìsánlú, mo mọ bàbá rẹ. Tíṣà tó ń dẹ igbó, ọkùnrin gíga, tó máa ń wọ bàtà rọ́bà dúdú, òun ni. A jọ máa ń ṣèpàdé ọdẹ l'Ájàṣẹ́-Ìpo nígbà náà. O rò pé wọ́n ń kó òfìfo wálé torí kí wọ́n lè tún un dì. Rárá o. Lójú mi ni wọ́n dìde sọ ọ́ nípàdé pé òfìfo tí ọdẹ bá jù sígbó, ọmọdé kan á ṣà á, á gbé e lọ fún ẹni tó máa tún un dì, ọjọ́ tó bá bẹ́, ọdẹ tó jù ú ló pa ẹni yẹn. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ṣà á. Kí ẹlòmíì má baà rí i mú ni.

Bàbá Pákátà tó wà lókè òkun, mo gbọ́ tọ́ọ̀ṣì tí o sọ yẹn, ó sì wọ̀ mí lára, torí mo ti rí ẹ̀tù ẹ̀ẹ̀mejì. Ó tó ogójì ọdún báyìí. A lọ ṣe ìsípà fún ọdẹ kan ní abúlé kan lẹ́yìn Ọ̀mù-Àrán níbí. Ìjálá ń lọ, ìbọn ń dún. Ọ̀kan nínú wa ki ìbọn ẹ̀ tán, wọ́n ní kó wá jẹun, ó gbé ìbọn ti igi ìyeyè. Ó jẹun, ó mu ẹmu, ara ẹ̀ yá, ó padà wá gbé ìbọn, ó gbàgbé pé òun ti kì í. Ó tún kì í. Ìgbà tó yìn ín, dídún ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìyókù, ó dún bí ìgbà tí igi ńlá bá fà ya láàárín òru. Gbogbo wa dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Èéfín ká nílẹ̀, a rí i tó dúró, kò tíì ṣubú, ó ń wo ọwọ́ ẹ̀, ọ̀pá ìbọn ti ya gbọrọgbọrọ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn lù. Ìka mẹ́ta ló lọ. Méjì la rí nínú koríko. Ó pẹ́ láyé lẹ́yìn ẹ̀, ṣùgbọ́n kò dẹ igbó mọ́, ọwọ́ kan ló fi ń kọ ebè títí ó fi kú.

Láti ọjọ́ náà ni èmi àti bàbá rẹ àti àwọn mélòó kan ti so òwú pupa mọ́ ọ̀pá ìkìbọn wa. Ìbọn tó bá ṣófo, tí o bá sọ ọ̀pá yẹn sínú ẹ̀, òwú á bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Tí nǹkan bá wà nísàlẹ̀, òwú á yọ sókè. O ò ní bi ẹnikẹ́ni, o ò ní fi ọkàn rántí, òwú ló máa sọ fún ẹ. Tí a bá sì ki ìbọn sílé fún ààbò, a máa ń fi ọ̀pá yẹn sílẹ̀ sínú ẹ̀ kí ará ilé lè rí i.

Ọmọ mi, kí o má fọwọ́ kan ṣakabùlà yẹn o. Ojú nìkan ni kí o fi wò ó fún mi. Ọ̀pá ìkìbọn ẹ̀ dà?

Ọmọ_ÒkèÒde

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó jìn tó báyìí, ohun tí mo ń rí lójú ni mo sọ. Òfìfo tèmi tó wà lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ yẹn, mo ń lọ gbà á lónìí, màá fi òkúta lù wọ́n pẹlẹbẹ. Bọ̀dá Pákátà, ẹ má bínú sí mi.

ỌmọPákátà_PA

Mi ò bínú rárá, àbúrò. Kí o tó fi òkúta lu ìkankan, rí i dájú pé ó ti yìn, wo práímà ìdí ẹ̀, irin ìbọn tó ń gbá a gbọ́dọ̀ ti lù ú wọlé níbẹ̀. Èyí tí alágbẹ̀dẹ bá ti tún dì, má lù ú, má sọ ọ́ síná, ọlọ́pàá ni kí o kó o lọ fún. Agbẹjọ́rò, ẹ bá wa tọ́ ọ sọ́nà tó máa gbà kó o dé ibẹ̀ láìsí wàhálà.

Agbẹjọ́rò_Ìlọrin

Kó má dá lọ. Kó bá mi sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ kó tó gbéra.

ỌmọỌdẹ_Ìsánlú

Bàbá, ẹ ṣé. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka ti bàtà rọ́bà yẹn, bàtà náà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ti gba mọ́tò wá sílé láti àárọ̀, Ìsánlú ni mo wà báyìí, ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn ni mo ti ń kọ èyí, mi ò wọlé.

Ṣakabùlà yẹn wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n gbé e ti ògiri, ẹnu ẹ̀ dojú kọ òkè àjà. Ọ̀pá ìkìbọn ẹ̀ wà nínú ẹ̀, orí ọ̀pá náà ni mo ń rí. Òwú kan wà lára ẹ̀, ó ti ṣá, mo rò pé kí ó má baà yọ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n ṣe so ó. Ó yọ sókè ju ẹnu ìbọn lọ. Ó tó ìka mẹ́rin.

Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń sùn ní yàrá yìí láti ìgbà tí a ti sin bàámi.

Bàbá_Ọlọ́dẹ_ỌmùÀrán

Wọ́n ti ki ìbọn yẹn. Má yọ ọ̀pá yẹn. Má gbé ìbọn náà. Ti ilẹ̀kùn, fi kọ́kọ́rọ́ sápò ara rẹ, kó àwọn ọmọ lọ sílé ẹlòmíì lálẹ́ yìí, kí ẹnikẹ́ni má dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá yẹn, ìwo ẹ̀tù ṣì wà lára ògiri, rántí. Agbẹjọ́rò, ẹ bá a pe àgọ́ ọlọ́pàá tó wà l'Ówù-Ìsin, kí wọ́n mọ̀ pé à ń bọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Omi la máa kọ́kọ́ dà sínú ẹ̀ kí ẹ̀tù sọ agbára nù, ká tó yọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Mo ti ṣe é rí. Ìwo yẹn náà, inú omi ló ń lọ.

Mo ti ní kí ọmọ mi ọkùnrin wá gbé mi láàárọ̀ kùtù. Dúró dè mí.

ỌmọỌdẹ_Ìsánlú

Mo ti tì í, Bàbá. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọ ti lọ sílé ìyá wọn àgbà. Ẹnu ọ̀nà ni mo tẹ́ ẹní sí.